Kọ̀ǹpáílà Ọ̀fẹ́ àti Ìwé Bàbá Àjàgbé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 1997. Ìgbónà, Òṣogbo

Mátírọ̀nù Phebe dá iṣẹ́ mi padà lónìí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo kọ láti máa fi wá àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́, kò sì lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi dá a padà.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn wọn ní Iléṣà láàárọ̀, mo fi hàn án lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá mi yá mi. Ó tẹ orúkọ ẹnì kan. Ẹni náà jáde, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ibi tó ń gbé jáde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá bi mí pé, "Bánjí, kí lo fi kọ ọ́?"

Mo ní kọ̀ǹpáílà ni. Ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi a máa kọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe sílẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà, kọ̀ǹpáílà ló máa sọ lẹ́tà náà di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe.

"Èló lo rà á?"

Mo ní n kò rà á, wọ́n dà á kọ fún mi ní Alékùwodò ni.

"Ìyẹn ni pé olè ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò ní wọ ilé ìwòsàn yìí. Àwọn ará ìjọ tó fi kọ̀ǹpútà méjì ránṣẹ́ sí wa láti ilẹ̀ Jámánì ní kí a fọwọ́ sí ìwé pé a ò ní í fi ohun olè sínú rẹ̀. Èmi Phebe ni mo fọwọ́ sí i. Lọ wá èyí tí kì í ṣe olè."

Kí n tó kúrò, mo tan ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà Jámánì náà wò. Ìdààmú kejì nìyẹn. OS/2, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà nínú wọn, ní èdè Jámánì, wọ́n sì ti yọ apá DOS tí iṣẹ́ mi gùn lé kúrò kí àyè lè gbà wọ́n. Ohun tí mo kọ kò tilẹ̀ lè ṣí níbẹ̀. Àfi ohun tí wọ́n bá kọ fún OS/2 gan-an.

Inú bí mi títí mo fi dé Òṣogbo. Ṣùgbọ́n n kò lè jáwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Ojúọlá yóò bímọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní. Nígbà tó bí Àdúràolúwa, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì ni O nẹ́gétíìfù tí kò wọ́pọ̀. Bàbá Àjàgbé, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ló mọ ibi tí wọ́n ti lọ mú ẹni tó gbà á là. Báyìí ìpẹ́ ti bo ojú Bàbá. Ní 19 oṣù tó ń bọ̀ ni yóò lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Kàdúná, kò sì ní í dé kí oṣù Kejì tó wọlé. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ka ìwé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló kù fún mi.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Àmínù tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bánjí, nínú gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, èwo la rà níbẹ̀? Àga nìkan. Èmi á bá ọ wá ti OS/2, wàá dà á kọ, wàá sọ fún màmá yẹn pé o rà á."

"Mo ti sọ fún wọn pé olè ni."

"Ta ló rán ọ?"

"Wọ́n bi mí ni, sà."

"Ará oko! Wọ́n bi ọ́, o sì dáhùn."

Ó bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà kọ̀ǹpútà ní Èkó. Iye tí wọ́n ń ta kọ̀ǹpáílà OS/2 ju owó oṣù mi ti ọdún kan lọ. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. N ó wá èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

"Ọ̀fẹ́ wo? Ta ló máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn kó wá fi tọrẹ?"

Mo ní n ó wádìí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo kọ lẹ́tà sí Wisdom ní Ìbàdàn. A jọ kọ́ kọ̀ǹpútà ni, ó ti wà níbi tí wọ́n ti ń lo íméèlì báyìí. Mo ní kó bá mi bi àwọn òyìnbó bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́tà Wisdom dé! Ó wà. Àwọn kan ló ń kọ ọ́ tí wọ́n ń fi tọrẹ, ọ̀kan lára wọn sì tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí OS/2. Ọ̀gá Wisdom kan ní i lórí sídì. Ó ní kí n mú ogún díìsìkì bọ̀, kó má ṣe jẹ́ èyí tí mo ti fi kọ lẹ́tà ìfẹ́ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo dé gáréèjì, aago mẹ́wàá la kúrò. Kò sí epo. Dírẹ́bà gba ọgọ́rùn-ún náírà fún ọ̀nà tí a fi ọgọ́ta lọ lóṣù tó kọjá.

Wisdom ti jókòó ti ẹ̀rọ dè mí. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà! Ẹ ò fẹ́ rà, ẹ ò sì fẹ́ jí."

Mo ní kí ó kọ́kọ́ ṣí ìwé àṣẹ kọ̀ǹpáílà náà fún mi. Ó ní kí n jẹ́ ká da nǹkan kọ ná, NEPA lè mú iná lọ. Mo ní rárá, ìwé ni n ó kọ́kọ́ rí. Ó ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè dà á kọ kó fún ẹlòmíràn, kó ṣáà ti fi ìwé náà sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó ṣe é ló ní kí a dà á kọ! Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà.

"Bánjí, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń tẹ ìwé kó tó mú irinṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló máa bímọ."

Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé mẹ́jọ.

Díìsìkì mẹ́rìnlá ló gbà. Bí a ṣe dé ìkẹsàn-án, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo kò sí. Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó, tí a ń wo bọ́ọ̀bù bí ẹni pé bí a bá wò ó dáadáa yóò tàn. Nígbà tó tàn, Wisdom sáré da ìyókù kọ. A parí rẹ̀. Títí mo fi dé Òṣogbo, mo gbé díìsìkì sórí itan bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kọkànlá. Iléṣà

Mátírọ̀nù wọ awò ojú, ó ka ojú ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìfo ìlà kan. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sí i. "Ó dáa. Ẹ̀rọ náà rèé."

Díìsìkì kẹfà kò ṣí. Mo gbìyànjú nígbà mọ́kànlá.

Mẹ́tàlá dára, ẹyọ kan bàjẹ́. Ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kọkànlá

Lẹ́yìn tí mo pè é lórí tẹlifóònù, Wisdom fi díìsìkì kẹfà rán dírẹ́bà, ẹ̀dà mẹ́ta, nínú agolo mílíìkì. Dírẹ́bà mi agolo létí, ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?" Mo ní ẹ má mì í mọ́, sà, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá. Iléṣà

Ọ̀gá Àmínù ní kí n máa lọ sí Iléṣà títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí. Ó ní bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ara mi nìkan ló ń wà níbẹ̀. Ilé Ojúọlá ni mo ń sùn. Ikùn rẹ̀ ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó bi mí pé, "Ṣé nítorí mi lo ṣe ń ṣe èyí?" Mo ní rárá, nítorí Mátírọ̀nù ni. Ó ní, "Irọ́ rẹ ò dáa rí, Bánjí. Lọ bu oúnjẹ rẹ."

Gbogbo díìsìkì wọlé lónìí. Mo kọ ìlà mẹ́fà láti dán an wò. Ẹ̀rọ náà fi èdè Jámánì bá mi wí. Mo tún un ṣe, ó tún bá mi wí. Mo lọ pe Mátírọ̀nù, ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á.

"Ó ní òun ò rí ohun tí o ní kí òun gbé."

"Ó wà níbẹ̀, mà. Mo fi síbẹ̀ fúnra mi."

"Má bá mi jà. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ti pe fódà kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo tún un ṣe, ó gbà. Ó kọ ìlà kan péré sójú rẹ̀, ìlà tí èmi kọ. Mo tún un kà. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Ìdènà ńlá. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya fèrèsé àti bọ́tìnnì sójú ẹ̀rọ fún OS/2 kò sí lára ohun ọ̀fẹ́ náà. Títà ni. Mo fi tẹlifóònù Mátírọ̀nù pe Wisdom.

"Mo mọ ẹni tó ní i. N ó dà á kọ fún ọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Èmi á mọ̀."

"Bánjí, oṣù kan ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ bímọ!"

Mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá gbà á, n ó sinmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á tí Mátírọ̀nù sì bi mí, n ó dáhùn, yóò sì tún dá gbogbo rẹ̀ padà.

N ó fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ nínú ohun tí mo ń kọ. Bọ́tìnnì kan gba ìlà mọ́kànlélógún. Mo nílò bọ́tìnnì mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi ti là.

Fèrèsé ṣí lónìí! Fèrèsé OS/2 gidi, tí wọ́n lè fà síbí fà sọ́hùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Bàbá Àjàgbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbójú sókè síbi ariwo.

"Kí ló dé?"

"Ó ṣí, Bàbá."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Fèrèsé òfìfo lẹ wá ń pariwo lé lórí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti Bàbá Àjàgbé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ó fa ìlà tàbí ó ya òbìrí. Òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n jẹ́, kò sì rí wọn mọ́. Èmi ni mo ń ṣàpèjúwe wọn fún un.

Mo ní, "Bàbá, àdírẹ́sì wọn ńkọ́?"

"Àdírẹ́sì kì í fúnni lẹ́jẹ̀. Wò ó. NEPA ò jẹ́ kí fíríìjì gbé ẹ̀jẹ̀ dúró níbí. Ara ènìyàn ni mo ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ibi tí ara yẹn wà lónìí. Ìkan wà lóko, ìkan wà lọ́jà, ìkan wà ní ulé. Bí ọlọ́kadà bá lọ síbi tí kò sí, obìnrin yẹn á kú kó tó padà dé."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ka ìwé náà. Ọjọ́ ọjà ló wà níbẹ̀. Òbìrí ni ọjà Ìbòkun, ìlà méjì ni ọjà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló lọ. Bàbá á ronú ọjọ́ tí a wà, á wá sọ ibi tí ẹni náà wà. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ tí Mátírọ̀nù dá padà, ilé wọn nìkan ni mo kọ síbẹ̀. Kì bá ti wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpáílà olè kọ́.

Mo béèrè àwọn O nẹ́gétíìfù. Mẹ́rin ni wọ́n. Ìkan ti kó lọ sí Èkó. Ìkan ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìkan ṣàìsàn ibà pọ́njú, wọn ò gba tirẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ló kù: Mùyídéènì, atún-sítóòfù-ṣe, ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Òun ló fún Ojúọlá nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gbogbo ènìyàn mu, nítorí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

"Ìbòkun ló ń tajà. Ọjọ́ ọjà, ọjà ló wà. Ọjọ́ mìíràn, ulé ló wà. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: márùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kejìlá

Ó parí. Òní ni ọjà Ìbòkun. Mo fi òní ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà. Mo tẹ orúkọ Mùyídéènì. Ó kọ "ÌBÒKUN, Ọ̀NÀ ÀWỌN ALÁGBẸ̀DẸ". Mátírọ̀nù fi ọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kejìlá

Bàbá Àjàgbé lọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi dán iṣẹ́ náà wò níwájú rẹ̀, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ní gáréèjì ó fọwọ́ pa mí lórí. "Má ju ìwé mi nù o. Ẹ̀rọ yín ò tíì ṣòjòjò rí."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kejìlá

N kò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ wọ́n gbé obìnrin kan dé láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Mátírọ̀nù tẹ orúkọ Mùyídéènì. Ẹ̀rọ ní ilé ni ó wà, Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo bá ọlọ́kadà lọ fúnra mi. Eruku ọyẹ́ bò wá débi pé n kò rí ẹ̀yìn ọlọ́kadà dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀, Sikirat, ló ń gbálẹ̀.

"Ó ti lọ ọjà Ìbòkun láti ìdájí."

"Ọjọ́ ọjà kọ́ lòní."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ta ni ń jẹ́ kọ̀ǹpútà? Ṣé ó ń ná ọjà Ìbòkun ni?"

A ti gba Ìbòkun kọjá nígbà tí à ń bọ̀. Mo ti rí èrò ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo ti rí àwọn obìnrin tó rú iṣu. Mo rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní kì í ṣe ọjọ́ ọjà, mo gba ẹ̀rọ gbọ́. Nígbà tí a fi padà dé Ìbòkun, epo tán. A fi ọwọ́ ti ọ̀kadà. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí n tó rí Mùyídéènì. Nígbà tí a fi dé Iléṣà wọn kò nílò rẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti obìnrin náà mu ló na ọwọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Dókítà ní ọmọ náà ti lọ kí wọ́n tó gbé ìyá rẹ̀ dé. Mátírọ̀nù bo ojú ẹ̀rọ náà, ó jáde.

Ojúọlá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí a fi jẹun tán.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kejìlá

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ, ìlà ẹgbẹ̀rún kan ó lé, n kò rí àṣìṣe. Mo rò pé kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ ló tàn mí jẹ. Mo ti fẹ́ bú àwọn tó ṣe é. Mo gbìyànjú tẹlifóònù nígbà mẹ́rìnlá kí Kàdúná tó wọlé.

"Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n ná ọjà Ìbòkun?"

"Àná ni."

"Ìṣẹ́gun ni wọ́n ná an gbẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́rin péré nìyẹn, sà. Ẹ ní ọrọọrún ni."

"Ka Ìṣẹ́gun mọ́ ọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka mi.

"Bánjí? Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Mélòó nìyẹn?"

"Márùn-ún, sà."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kì í ka ọjọ́ tó dúró lé ni?"

Kì í kà á. Èmi ni mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ní Ẹrinmọ̀ tí wọ́n ti bí mi, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n kà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, bí a ṣe ń mí ni. Nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo fi orí ilé kalẹ̀, mo gbé orí òyìnbó. Kọ̀ǹpáílà kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo sọ fún un ló ṣe.

Mo sọ fún un pé obìnrin kan la wá Mùyídéènì fún lánàá, a ò tètè rí i. Ó ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Ó yè, sà. Ọmọ kò yè."

"Háà." Lẹ́yìn náà, "Tún un ṣe, ọmọ mi. Má jókòó máa sunkún síbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kejìlá

Mo sọ márùn-ún di mẹ́rin. Mo sọ mẹ́sàn-án ọjà ìsán di mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ẹ̀rọ fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. N kò gba ara mi gbọ́ mọ́, nítorí náà mo ní kó ka ọjọ́ lọ sẹ́yìn dé ọdún 1995. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé pé lọ́jà ni wọ́n ti bá ẹni náà. Gbogbo mọ́kànlélógójì ló bára mu.

Mo fi han Mátírọ̀nù. Ó ṣírò mẹ́wàá fúnra rẹ̀ lórí bébà kó tó gbà.

"Mo fẹ́ lé ọ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ó ní.

"Mo mọ̀, mà."

"O lè sọ pé kọ̀ǹpáílà ló bàjẹ́. Ǹ bá gbà ọ́ gbọ́, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò bàjẹ́ ni, mà."

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Kejìlá

Àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lónìí. Epo di ohun tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Mo ra gálọ́ọ̀nù méjì, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kìíní, 1998

Ojúọlá kò rìn mọ́ ju kó dé ẹnu ọ̀nà lọ. Mo ń ka ọjọ́ ọjà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kìíní

Aago mọ́kànlá ni wọ́n gbé Ojúọlá wọlé. Aago méjìlá ọmọ jáde, obìnrin, ó ké. Ẹ̀jẹ̀ kò dúró.

Mátírọ̀nù tẹ orúkọ Mùyídéènì. Ìbòkun. Ó wò mí. Mo ka á lórí ìka mi níwájú rẹ̀, mo ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn. Ìbòkun ni. Mo gbé epo, ọlọ́kadà gbé mi.

Wọ́n ń ná ọjà lóòótọ́. Mo dé Ọ̀nà Àwọn Alágbẹ̀dẹ, ibi ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀, sítóòfù mẹ́ta tó ti tú palẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n fi àpò bò wọ́n. Kò sí níbẹ̀.

Obìnrin tó ń ta ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Kí lẹ ń wá? Ọjọ́ Jímọ̀ mà ni. Ó ti lọ kírun."

Ìyẹn kò sí nínú ẹ̀rọ. Kò sí nínú ìwé Bàbá pàápàá.

Mo sáré dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti tò. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà kejì, ẹ̀wù rẹ̀ ti rin fún òógùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo lè pariwo. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá bí mo bá pariwo wọ́n á lé mi jáde, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dá mi lóhùn. Mo dúró. Rákáà méjì péré ni wọ́n ń kí. N kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ojúọlá dùbúlẹ̀ ní Iléṣà, èmi wà níbí tí mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe sálámà tí ìrun parí, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ láàárín gbogbo wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ilé ìwòsàn Iléṣà ni mo ti wá."

Ó mọ̀ mí. "Ọmọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ń gbààwẹ̀. Láti àárọ̀ n kò tíì fi omi kan ẹnu."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Ojúọlá. Ẹ ti fún un rí."

Àgbàlagbà kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Mùyídéènì, ẹ̀mí ni. Ọjọ́ tí o bá jẹ, wàá san án padà. Dìde."

Ó ti dìde kí bàbá yẹn tó sọ ọ́ tán.

Taya ọ̀kadà kò le dáadáa, kò lè gbé ẹni mẹ́ta sáré. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìbòkun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. N kò mọ ohunkóhun. Mo rìn tó wákàtí kan àbọ̀ kí ọkọ̀ akérosín kan tó gbé mi. Dírẹ́bà ń bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ọ̀kan.

Aago márùn-ún kọjá nígbà tí mo dé. Mátírọ̀nù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ti bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀.

"Ó ti sùn," ó ní. "Sùn ni mo wí. Lọ wò ó."

Mo lọ wò ó. Ètè rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Mo kà á títí dé ọgọ́rùn-ún.

Mùyídéènì wà ní yàrá kejì, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, wọ́n sì fipá mú un mu mílíìkì àti súgà. Inú rẹ̀ kò dùn sí mílíìkì náà. Ó ní òun fẹ́ dúró de ìṣínu, wọn ò jẹ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Má kúnlẹ̀. Sítóòfù mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ lọ́jà, ṣé wọn ò jí i?"

"N ó lọ bá yín gbé e, sà."

"Ọjọ́ ààwẹ̀ kan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn Ìtúnu, nígbà tí gbogbo ayé ń jẹun, èmi nìkan ni n ó gbà á. Ìyẹn ló ń nira."

Mo ní, "Ẹ ò ní í gbà á nìkan."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kò gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kìíní

Mo gbé sítóòfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún un ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà tí mo padà dé, mo fi ọjọ́ Jímọ̀ sínú iṣẹ́ náà fún àwọn Mùsùlùmí, mo fi ọjọ́ Àìkú sí i fún àwa. Kọ̀ǹpáílà gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì. Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìtúnu ti kọjá, mo ti dé síbí láti àná. Sikirat jí wa ní ìdájí láti jẹun. Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin Mẹ́tọ́díìsì, ṣé ẹ lè dúró títí oòrùn á fi wọ̀?" Mo ní a ó rí i, mà.

Mùyídéènì ń tún sítóòfù ṣe, mo ń bá a nu ojú iná rẹ̀. Láti aago mẹ́wàá ni Sikirat ti ń dín àkàrà, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òórùn rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ ní kó fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, atẹ́gùn ni. Ní aago mẹ́rin ìṣó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mùyídéènì ní, "Bánjí, o ti gbìyànjú. Ìwọ kọ́ lo jẹ ẹ́. Mu omi." Mo ní kí wọ́n fún mi ní sítóòfù tó kàn.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n pe ìrun, Mùyídéènì bu omi sínú ife kan, ó mu ìdajì, ó na ìyókù sí mi.

Ebi pa mí ju bí mo ṣe rò lọ. N kò sọ fún wọn.